Òfin Kì í Rìn

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, Ọjọ́bọ̀,
oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú bí ẹni tí wọ́n fi tipá jí.
Ní gbàgede ọjà Addlestow, lẹ́bàá àgbélébùú òkúta
tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ gbé e dúró,
ọkùnrin oníwàràkàṣì ń ta tapólì sórí pátákó rẹ̀,
èéfín ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó gbé iná mì.

Àwa méje là ń lọ. Ajá kan.
Hester Pargeter ló ṣáájú, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin,
máàpù nínú ọ̀rá lọ́rùn rẹ̀.
N kò rí i kó wò ó rí.

A gba abẹ́ odi àtijọ́,
níbi tí ewé ti ń jẹ òkúta díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń jẹ gbèsè,
a sọdá afárá. Odò dúdú, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀;
etí rẹ̀ méjèèjì ti dì, àárín rẹ̀ kọ̀, kò dì.

Òtútù ilẹ̀ yìí kì í kánjú.
Ọwọ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á wá etí, á wá eyín,
títí á fi dé ibi tí ènìyàn ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí.
Ìrì òru ti di gíláàsì lórí koríko;
a tẹ̀ ẹ́, ó rún wómúwómú bí egungun adìyẹ lẹ́nu ajá.
Àgùntàn dúró nínú kùrukùru, a ò rí ẹsẹ̀ wọn.
Clement, tó fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n pín lẹ́tà kiri abúlé wọ̀nyí,
ní òun fi igbe géètì mọ ilé.
Ó ti ọ̀kan. Ó ké.
"Ilé Tansley nìyẹn. Lẹ́tà gbèsè ni tiwọn."
A rẹ́rìn-ín; èéfín ẹ̀rín náà pọ̀ ju ẹ̀rín lọ.

Lẹ́yìn àkàsọ̀ kẹta, ọ̀nà parí.
Katakata ti gun orí rẹ̀ kọjá,
wọ́n ti túlẹ̀ láti ọgbà dé ọgbà,
poro dúdú, ẹ̀yìn ebè funfun, poro dúdú,
ilẹ̀ dì gbagidi.
Imogen, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, ní
"Ẹ jẹ́ ká gba etí oko yí i ká."
Hester ṣí ọ̀rá. Ó yọ máàpù.
Ó fi ìka tó wú ní oríkèé tọ ìlà kan tó tín-ín-rín bí òwú.
"Ọ̀nà òkú nìyí. Ibí ni wọ́n ń gbé pósí gbà
láti Nether Coll wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí mọ́tò tó dé.
Òfin ní ọ̀nà ṣì ni. Ṣùgbọ́n òfin kì í rìn."

Ló bá bọ́ sínú poro.

À ń kọsẹ̀, à ń di ara wa lápá mú.
Clement bú àgbẹ̀ náà, ó bú bàbá rẹ̀,
ó rántí pé ìbátan òun ni bàbá náà, ó dákẹ́.
Láàárín oko, Hester dúró. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.
Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún, ó fọwọ́ kan ilẹ̀
bí a ti í fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe.

Lóṣù Kẹta tó kọjá, wọn ò gbé Wilfred gba ibí.
Ọkọ̀ dúdú, títì ọlọ́dà, ìṣẹ́jú mẹ́rin.
Clement ló sọ fún mi, lẹ́yìn náà,
nígbà tí à ń mu tíì fúláàsì tó ń rùn bí ọbẹ̀ àná.

Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà.
Òótọ́ ni. Ẹ wá wo iye èyí tó ti sùn
lábẹ́ ọkà ẹlòmíràn.

Mo bojú wẹ̀yìn lórí òkè.
Ipa ẹsẹ̀ méje lórí ìrì dídì,
ó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ìkọ̀wé ọmọdé,
ti ajá ń yí i po bí àmì ohùn.
Bí oòrùn bá le, yóò yọ́.
Oòrùn ò le.

Nígbà tí a padà, iná ti tàn nílùú, aago mẹ́rin ò tíì lù.
Oníwàràkàṣì ti fi èèpo pamọ́ fún ajá.
Hester jókòó sórí àtẹ̀gùn àgbélébùú, ó ń tú okùn bàtà,
amọ̀ oko náà ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀,
kò gbọ̀n ọ́n.